Lẹ́tà sí Bàámi, lórí ìwé ẹran

Bàámi,

A ti rí ìwé yín. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o. Ìwé ilẹ̀ là ń wá lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹlẹ́yìn búlúù tí ẹ kọ "ILÉ" sí lára lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bà lábẹ́ ibùsùn. Ó kà á sókè sí etí gbogbo wa, títí kan àbúrò mi tó wà ní Kánádà lórí fóònù: "Ìṣẹ́gun. Ẹran méjì. Kò bi mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí nígbà tí mo kó ẹrù dé bá yín ní Mọ́níyà, lọ́dún 2020 tí Kòrónà ti òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó pa. Mo ní oṣù mẹ́ta ni. Ẹ ní, "Ilé bàbá ẹ ni." Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ ra ìwé.

Ẹ ó kírun ìdájí tán, ẹ ó tan Amúlùdùn 99.1 bí ẹni pé pálọ̀ wa gan-an ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá rọra yí i sílẹ̀, ẹ ó bi mí bóyá èmi ni mo ra bátìrì. Ní June 2021 tí Ààrẹ Buhari ṣí rélùwéè tuntun, tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní Mọ́níyà wa níbí, ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ẹ ní, "Ó ti ń ná Èkó báyìí o." Ẹ yí padà, ẹ lọ. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí ẹ ò ní bi mí ní iye tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́.

Lóṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, àwọn tó ń rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, láti ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan, ẹ yọ gílóòbù yàrá mi. Àdúgbò wa kì í ṣe Band A. Mo ṣàlàyé títí. Ẹ ní ká máa múra sílẹ̀.

Lórí ẹran, ẹ ò pariwo lé mi lórí rí. Òwe lẹ máa ń pa: "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Lọ́jọ́ kan mo fèsì pé èmi kọ́ làgbà ilé yìí. Ẹ ní òótọ́ ni, ẹ wá mú ẹran tó kù.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni kì í ṣe ẹ̀rín.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ máa ń fi ìdábùú sí i, láti ìgbà tá a wà ní kékeré. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ìgbéyàwó Òṣogbo dé, tí mọ́tò dá mi dúró ní Ìwó, aago méjìlá ààbọ̀ ti lù. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo pè yín lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún nínú pálọ̀. Bí Màmá bá wà láyé, mi ò bá má kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Inú Micra mi ni mo sùn, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀fọn sì fi mí ṣe sàárà. Ilẹ̀ mọ́, ẹ jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ẹ kan gíláàsì mọ́tò: "Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ ń bèèrè?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín kí ẹ tó lọ bóyá ẹ gbọ́. Ẹ ní oorun gbé yín lọ ni. Mo gbà.

Mo wá ṣí ìwé yín sí ọjọ́ náà. "Iná dé 12.10. Ó lọ 2.05." Kò sí nǹkan mìíràn. Bàámi, ta ló ń wo aago? Mo rí iná lójú fèrèsé yín lóòótọ́, mo ṣe bí ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ yọ gílóòbù mi, ẹ̀yin lẹ máa sùn gbàgbé iná?

Oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń gbé yín lọ sí balùwẹ̀ ńkọ́? Kò sí nínú ìwé. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ò lè di báírò mú mọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ nìkan làwọn yòókù ń kà. Àbúrò mi ní mo ti jẹ ìpín tèmi tán nínú ilé yìí, àtẹran, àtiná, àti gàárì. Ó kọ́kọ́ fi ṣàwàdà. Ìgbà tó tún un sọ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé yìí ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Yàrá kan àti pálọ̀ tí mo lọ wò ní Òjóò, owó ọdún méjì ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú ti éjẹ́ǹtì àti ti lọ́yà.

Ojú ewé ṣì kù nínú ìwé yín. Mo ra báírò lánàá, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀: Iná dé 8.40. Mo ti ilẹ̀kùn ní 9. Ẹran kan. Mi ò rẹ́ni bi.