David Greig kọjá ọ̀rọ̀ ṣokoléètì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ nípa David Greig, ará Skọ́tlándì tó ń kọ eré orí ìtàgé. Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá dárúkọ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré lẹ tẹnu mọ́: pé Nàìjíríà ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, àti pé òun ló kọ ọ̀rọ̀ eré olórin Charlie and the Chocolate Factory, èyí tí wọ́n ṣe ní Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2013. Òótọ́ ni méjèèjì. Edinburgh ni wọ́n bí i sí ní 1969, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti gbé ní kékeré. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọmọ wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti gba ilẹ̀ wa kọjá la máa ń sáré pè lọ́mọ wa, láì bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an.

Lọ́dún 2013 yẹn kan náà, wọ́n gbé eré rẹ̀ mìíràn jáde ní Traverse, tíátà kékeré kan ní Edinburgh. The Events lorúkọ rẹ̀. Àlùfáà obìnrin kan, Claire, ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì yìnbọn pa nínú wọn. Claire yè é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́: ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ yẹn. Ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Nọ́rwèy ní 2011 ló ta Greig jí sí ọ̀rọ̀ náà. Òṣèré méjì péré ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn akọrin tó yí wọn ká kì í ṣe òṣèré rárá. Akọrin ìlú tí eré náà bá dé ni wọ́n, alẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan àwọn tí wọ́n pa, ojú ìyá àgbà tí ẹ jọ máa ń pàdé nídìí búrẹ́dì lẹ̀ ń wò yẹn. Mi ò mọ òǹkọ̀wé tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá rántí bí Ògúndé ṣe ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú lè ní kò sí tuntun níbẹ̀. Ó wà. Àwọn ìyàwó Ògúndé àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣeré, ìlú ń wò. Greig ní kí ìlú fúnra rẹ̀ gun orí ìtàgé.

Ohun tó tún ṣe nìyẹn nígbà tó di olùdarí tíátà Royal Lyceum ní Edinburgh ní 2016. The Suppliant Women ló fi bẹ̀rẹ̀, eré tí Aeschylus ará Gíríìsì kọ ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin sá kúrò ní Íjíbítì nítorí wọ́n fẹ́ fi ipá fi wọ́n ṣaya fún àwọn ìbátan wọn. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Argos, ìlú kan ní Gíríìsì, wọ́n ní kí ọba gbà wọ́n, ọba sì ní òun ò lè dá a ṣe, àfi tí ará ìlú bá dìbò. Àwọn obìnrin Edinburgh tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ló ṣe àwọn tó ń sá àsálà náà. Nígbà tí eré ọ̀hún dé Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin ibẹ̀ náà ló ṣe é. Ẹ wo ọdún 2016, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá sí Yúróòpù ṣe gbóná tó nígbà náà, ẹ ó rí i pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé eré náà fún wa.

Ọwọ́ rẹ̀ tún lè ṣe yẹ̀yẹ́ o. The Strange Undoing of Prudencia Hart, tó jáde ní 2011, inú ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣe é: ọ̀mọ̀wé obìnrin kan tó ń ṣèwádìí orin àtijọ́ há sí Kelso, ìlú kékeré kan ní Skọ́tlándì, nínú yìnyín, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Èṣù àwọn onígbàgbọ́. Òǹwòran ni wọ́n ní kó ya bébà ìnuwọ́ wẹ́wẹ́ kó di yìnyín. National Theatre of Scotland ló gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ tí kò ní gbọ̀ngàn ìṣeré kankan tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2006, Greig sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá wọn mójú tó ọ̀rọ̀ eré kíkọ níbẹ̀.

Àwọn kan ò ní gbà fún mi. Wọ́n á ní Dunsinane ti 2010 lólórí iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ní ayaba Macbeth, ọba inú eré Shakespeare, kò kú, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì há sí Skọ́tlándì bí wọ́n ṣe há sí Afghanístàn. Eré ńlá ni lóòótọ́. Àmọ́ a lè jókòó wò ó ká sì máa lọ ilé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibì kan ṣe: akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ bí ẹni pé Greig ṣì ń darí Lyceum. Ó ti kúrò níbẹ̀ ní 2025, ó ní òun fẹ́ padà sídìí ìwé kíkọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Glasgow