Lẹ́tà sí Màmá Rebecca Nurse ti Salem

Màmá wa,

Ìpàdé ẹbí tí a ṣe lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló mú mi rántí yín. Kì í ṣe òkè tí wọ́n so yín rọ̀ sí ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 1692, ni mo ń rò, bí kò ṣe ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀sùn àjẹ́ kàn yín ní Salem, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹni ọdún 71 ni yín, àìsàn sì ti dá yín wó nígbà tí wọ́n wá mú yín. Bí 40 nínú àwọn aládùúgbò yín fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò mọ ibi kankan mọ́ yín, àwọn ọkùnrin méjìlá tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì kọ́kọ́ ní ẹ kò jẹ̀bi. Ìgbà tí àwọn tó pè yín ní àjẹ́ figbe ta ni adájọ́ rán wọn létí ohun tí ẹ sọ nípa Deliverance Hobbs, obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan òun náà, pé, "Ọ̀kan lára wa ni." Ẹlẹ́wọ̀n bíi tiyín lẹ ní lọ́kàn. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ àjẹ́ ni. Wọ́n bi yín léèrè, ẹ kò fọhùn, nítorí etí yín ti di, ìbànújẹ́ sì ti bò yín mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ ti dákẹ́ ni wọ́n ti dá yín lẹ́bi.

Ẹ padà kọ̀wé pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà sí. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kò sẹ́ni kankan, nínú gbogbo èrò yẹn, tó lè bẹ̀rẹ̀ sí etí yín, kó ní, "Màmá, ohun tí wọ́n ń bi yín nìyí"? Ẹ̀yin náà, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ kò ní kí wọ́n tún un wí?

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tí kò bá gbọ́, ẹ̀rín ló máa ń rín sí i, á sì mirí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìpàdé bóyá ó mọ nǹkan kan nípa àìsàn tó ń ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín, ó mirí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ni mo jókòó sí, níbi etí tó ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀, n kò sì la ẹnu.

Nígbà tí a délé, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń wí. Mo ní wọ́n ń kí i ni. Wọ́n ti tún pe ìpàdé mìíràn sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín.