Àjọkẹ́, tún owó yẹn kà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Láti Sátidé ni mo ti ń pè ẹ́, fóònù ń dún o ò gbé e, àṣé àbúrò ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Òun ló jẹ́ kí n gbọ́ pé káàdì ẹ ò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, pé o fi ẹrù sílẹ̀ lójú èrò, o sì sunkún délé. Èmi ìyá ẹ wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kó o má lọ yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílùú ọba yẹn. Má yáwó o.

Mo ní kó fi fọ́tò ìwé tó o fi ṣírò ẹ̀ hàn mí. Ìrẹsì 3.40, búrẹ́dì 1.35, tòmátì 0.95, mílíìkì 1.5. O pa á pọ̀, o ní 5.85, o ní pọ́n-ùn 7 tó wà nínú káàdì á tó, á tún ṣẹ́kù. Kò tó, ọmọ mi. 7.20 ni. Wo ibi tó o kọ mílíìkì sí, o tì í lọ sápá ọ̀tún pátápátá, 5 bọ́ sábẹ́ 0 ìrẹsì, 1 bọ́ sábẹ́ 4, ni pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì 50 bá di pẹ́ńsì 15 péré. 1.35 ló bá ibẹ̀ lọ, iye kan náà pẹ̀lú owó búrẹ́dì ẹ. Póìǹtì ni kó o kọ́kọ́ tò, kí wọ́n wà lábẹ́ ara wọn bí mo ṣe máa ń to ẹja yíyan lọ́jà Olúwo, orí sábẹ́ orí, tí apá ọ̀tún bá ṣófo kó o fi òdo dí i. 1.5 àti 1.50, ọ̀kan náà ni, àmọ́ 1.05 ò sí nínú ẹgbẹ́ wọn o.

Orúnkún bàbá ẹ ti rọ̀. Òjò ti ba ojúlé wa jẹ́, a ń fo omi wọlé.

Tó bá jẹ́ pọ́n-ùn 10 ló wà lọ́wọ́ ẹ, kọ ọ́ sí 10.00 kó o tó yọ 7.20 kúrò, á ku 2.80. Má yọ 7 nínú 10 kó o wá so .20 mọ́ ọn kó o ní 3.20 o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò bá ẹ jà jàre. Ìyá tèmi, ṣílè ló fi ń tajà, pẹ́ńsì 12 nínú ṣílè kan, ṣílè 20 nínú pọ́n-ùn, títí náírà fi dé ní January 1973 tí kọ́bọ̀ 100 wá di náírà kan. Èmi ná kọ́bọ̀ ní kékeré. Ìgbà tí mo fi máa bí ẹ, kọ́bọ̀ ò ra nǹkan kan mọ́ l'Ẹ̀pẹ́, ibo lo ti fẹ́ rí owó tó ní póìǹtì kà? Tó o bá sì jókòó tì mí nídìí igbá, mo máa ń lé ẹ kúrò nídìí owó ni, màá ní lọ kàwé ẹ. Ó ń dùn mí báyìí.

Àmọ́ ìtìjú ni mò ń bẹ̀rù ju ìṣirò lọ, torí òun ló máa ń sún èèyàn dé ìdí gbèsè. Ebi ò ní pa ẹ́ kí n má mọ̀. Má yáwó, jọ̀ọ́.

Kọ iye ọjà sílẹ̀ kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó, kó o sì ya rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi, a jọ máa ṣírò ẹ̀. Tí ẹja bá tà lọ́jọ́ Jímọ̀, màá fi nǹkan ránṣẹ́. Gbé fóònù ẹ lálẹ́ òní.

Ìyá ẹ