Àyìnkẹ́, kí ẹ tó gbin igi sí Sókótó

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. O ní ooru ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ, pé iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan lojú rẹ ń rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí Sókótó. O ní ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ fẹ́ gbin igi sí abúlé tí ẹ ti ń kọ́ni, kí n bá ọ wá ọ̀gbìn tíìkì láti Oǹdó. Èrò náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi tíìkì ránṣẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, torí ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kò sóhun tó ṣe ilẹ̀ Sókótó. Ohun tí òjò ibẹ̀ lè bọ́ ló ń hù níbẹ̀. Orí òkun ni afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá ti ń bọ̀. Èkó ló kọ́kọ́ ń kàn, bó bá sì ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni omi rẹ̀ ń dín kù. Ojú rẹ rí i lọ́nà: igbó kìjikìji ní Oǹdó, ọ̀dàn láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, igi igbá àti igi òrí káàkiri Kwara, títí tí igi fi wá di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò Oǹdó tó nǹkan bí mílímítà 1,500 lọ́dún; ti Sókótó kì í sábà ju 700 lọ, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló sì fi ń rọ̀ ọ́ tán. Tíìkì ò lè rí omi tó mu níbẹ̀.

Bí gbogbo ayé ṣe rí náà nìyẹn. Òjò àti ooru ló pín in. Níbi tí méjèèjì ti pọ̀, bíi Kóńgò àti Amasọ́nì, igbó ńlá ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti rọ òjò rẹ̀ tán ní àárín gbùngbùn ayé ló ń sọ̀ kalẹ̀ sórí Sàhárà, ìyẹn ni ibẹ̀ ṣe gbẹ. Ní òkè Rọ́ṣíà àti Kánádà, igi eléwé abẹ́rẹ́ ló lè fara da òtútù. Kọjá ibẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ dì gbagidi tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, koríko àti igi kúkúrú ló kù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ di igbó tí kò rí i ṣe. Nítorí náà, "ilẹ̀ tí Ọlọ́run gbàgbé" tí o kọ sínú lẹ́tà, jọ̀wọ́, má sọ ọ́ mọ́, pàápàá lójú àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ilẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Wo oko bàbá bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n hú gbáàgúdá tán tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi, koríko ló kọ́kọ́ bò ó, Akíntọ́lá-takú sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni agbawo yọ, igi eléwé gbàràmù tó ń yára ga, tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Agbawo kì í pẹ́ láyé. Láàárín nǹkan bí 20 ọdún ló ń kú, ọmọ tirẹ̀ kì í sì í lè dàgbà lábẹ́ òjìji rẹ̀. Igi mìíràn tó lè fara da òjìji ló ń jogún ibẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí á rò pé igbó ẹgàn ni.

Ṣùgbọ́n tí iná bá ń jó ibẹ̀ lọ́dọọdún ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní Olókèmejì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba pín ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ tán. Wọn ò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún, èyí tí iná ò kàn ti di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá koríko, tòun ti igi ọ̀dàn díẹ̀ tí èèpo wọn nípọn. Púpọ̀ nínú ọ̀dàn tó wà ní àgbègbè Ọ̀yọ́, igbó ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ́ àti iná ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Òkè ayọnáyèéfín Krakatau bú gbàmù ní Indonéṣíà ní 1883, eérú gbígbóná sì pa gbogbo ohun tó wà lórí erékùṣù náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aláǹtakùn kan ṣoṣo ni àwọn tó lọ wò ó rí. Afẹ́fẹ́, omi òkun àti ẹyẹ ló kó irúgbìn padà dé ibẹ̀, kó tó tó 50 ọdún, igbó ti bò ó.

Sókótó ò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, lẹ́bàá ààlà Kàtsínà, ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Tony Rinaudo ń gbin igi nígbà kan, púpọ̀ nínú wọn sì ń kú. Ní 1983 ó dúró lójú ọ̀nà kó lè tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀ nítorí iyanrìn, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ewéko kékeré kan. Ó sún mọ́ ọn, ó wo ewé rẹ̀. Kùkùté igi tí wọ́n ti gé ló ń rú! Irú rẹ̀ kún gbogbo oko, gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gé e lọ́dọọdún ni, ẹran sì ń jẹ èyí tó kù. Nígbà náà, lójú òfin, ìjọba ló ni igi, kò sì sí ìdí tí àgbẹ̀ á fi dá a sí. Nígbà tí wọ́n gbà pé kí àgbẹ̀ máa jẹ èrè igi inú oko rẹ̀, igi padà sórí nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ní orílẹ̀-èdè yẹn.

Nítorí náà, kí òjò tó dé, ẹ bá àwọn àgbẹ̀ rìn yíká oko, kí wọ́n fi kùkùté tó ń rú hàn yín. Lára kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún tó nà ṣánṣán jù, ẹ gé ìyókù fún igi ìdáná, kí ẹ sì re ẹ̀ka wẹ́wẹ́ títí dé ìdajì gíga rẹ̀. Ẹ wá igi tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Kì í ṣíji bo jéró, ewé rẹ̀ ń ṣe ilẹ̀ lóore, ẹran sì ń jẹ èso rẹ̀ nígbà tí koríko bá tán. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbin ohun kan, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè igi tí wọ́n bá láyé, kí ẹ gbin ọmọ irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn darandaran ló máa le jù. Bí wọn ò bá sí níbi ìpàdé, ẹran wọn á jẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ní kí olórí abúlé pè wọ́n jókòó, kí gbogbo yín jọ fẹnu kò lórí oko tí ẹran ò ní wọ̀ àti oṣù tí wọ́n lè wọ̀ ọ́. Ẹ sì fi iṣẹ́ náà lé ọmọ ìlú kan lọ́wọ́, torí ẹ máa kúrò níbẹ̀ kí igi náà tó ga tó ènìyàn. Kọ ohun tí àwọn darandaran bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ ń kí ọ.

Ìyá rẹ