Ilé àjọgbé kọjá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì

Sí Olóòtú,

Ẹni tó ń sùn lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù l'Ọjà Ọba Ìlọrin nílò ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Nínú ilé àjọgbé, ìyẹn ilé tí àwọn aláìnílé jọ ń gbé fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí tiwọn, ẹni méjì ni kó máa gbé yàrá kan. Kí kálukú ní àpótí àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nítorí àfọwọ́rá (ọṣẹ, gàrí, ṣájà fóònù) ló máa ń tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ìgbálẹ̀ kàn sára ògiri.

Oṣù mẹ́ta péré kò tó rárá fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ láti kó owó ilé tirẹ̀ jọ. Owó ọdún kan gbáko ni onílé sábà máa ń gbà, àjẹ́ńtì yóò tún gba tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ti ríṣẹ́ máa dá àjọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àkáǹtì tí owó náà ń wọ̀ sì wà lórúkọ òun fúnra rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ilé àjọgbé,
Ìlọrin