Ọ̀dà Pupa Kì í Dá Òjò Dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, inú ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ègé ògiri kan tó fẹ̀ bí àwo já bọ́ lára ilé àtijọ́ tó wà ní òpópó wa, ó fọ́ yángá níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá. Díẹ̀ ló kù kó ba ọmọ kan lórí. Báàgì rẹ̀ ló gbà á.

Mo gbé ègé náà wò. Sìmẹ́ǹtì ni, ó nípọn tó ìka méjì, ọ̀dà funfun iwájú rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó kọ́ ilé yẹn ò lo sìmẹ́ǹtì. Ohun rírọ̀ tó ń jẹ́ kí ògiri gbẹ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ìgbà tí àlejò pàtàkì kan fẹ́ gba òpópó wa kọjá ni wọ́n sáré fi sìmẹ́ǹtì dì í níwájú, wọ́n sé omi mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé tí òrùlé ti lu ńkọ́? Àlejò ò ní dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí ilẹ̀kùn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ó pé ọdún méjì báyìí. Ọ́fíìsì kan ní ká lọ bá èkejì. Èkejì ní ẹjọ́ àwọn ẹbí tó ni ilé ṣì wà ní kóòtù. Igi tó hù lójú fèrèsé òkè ò dúró de adájọ́, ó ti ga jù mí lọ.

Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kéde Ilojo Bar ní Èkó, ilé nǹkan bí ọdún 1855, ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju òrùlé lọ. Páànù kan á ṣí, omi á wọ igi àjà, igi á jẹrà, àjà á já, ògiri tí àjà dì mú á wá máa yọ sí títì. Kí ìjọba bo òrùlé náà ná, ì báà ṣe tápólì, kí wọ́n gé igi yẹn, kí wọ́n la ojú omi, kí wọ́n wá kọ owó iṣẹ́ náà sí ilé náà lọ́rùn. Ẹni yòówù tó bá jàre ní kóòtù ni yóò san án kó tó gba ìwé ilé. Kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1990 fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti ṣe àtúnṣe kánjúkánjú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni ò gbé, kí wọ́n sì gba owó wọn lọ́wọ́ onílé. Ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 péré ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ fún onílé. Àwọn ẹbí tí wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí bíìlì dé ọ̀dọ̀ wọn ná!

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n tà á fún un ní owó táṣẹ́rẹ́, bí àwọn ìlú kan ní Ítálì ṣe ń ta tiwọn ní yúrò 1. Títí dìgbà náà, kí wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, kí ògiri má bàa já lu ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fún wa, òjò sì ń rọ̀. Mo ti kó àfọ́kù náà jọ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, lábẹ́ nọ́ńbà wọn. Tí wọ́n bá ṣetán láti ya fọ́tò mìíràn, ibẹ̀ ló wà.

Èmi ni tiyín,
Ará àdúgbò kan