Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́

Àbúrò mi,

O ní ọ̀gá yín ń pariwo, o sì ń bi mí bóyá kó o fiṣẹ́ sílẹ̀. Jẹ́ kó pariwo ná. Àwọn ọ̀gá aláriwo wà tí owó oṣù wọn kì í yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwé àti owó ni kó o máa ṣọ́.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ dà? Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí àdéhùn ti wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń wí pé "ó ti fẹ́ jáde" títí di oṣù karùn-ún, wọn ò fẹ́ kó o rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ ìjà ni. Owó ìtanràn tí wọ́n ń yọ torí pé èèyàn pẹ́ dé ńkọ́? Òfin yẹn náà kò gbà á láàyè. (Òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ló wà fún o, bó o bá ti di ọ̀gá, lẹ́tà rẹ lo máa gbára lé.)

Pẹ́ńṣàn ló máa ń tú àṣírí jù. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kó fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó. Àwọn kan á yọ 8 yẹn, wọn ò sì ní fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn rẹ ni kó o ti béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ. Bí oṣù 3 bá ṣófo níbẹ̀, máa wá iṣẹ́ mìíràn.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ò ń wáṣẹ́, pàápàá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán. Má fi fáìlì ọ́fíìsì ránṣẹ́ sí ìmeèlì ara rẹ. Wọ́n lè fìyẹn pè ọ́ lólè. Tọ́jú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ oṣù 3.

Kí owó oṣù wọlé kó o tó fún wọn ní lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ìlà méjì ti tó: ò ń lọ, ọjọ́ báyìí lo máa ṣe kẹ́yìn. Má to ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ju oṣù 3 tí kò tíì pé ọdún 2, ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ 1 lòfin béèrè. Bí àdéhùn rẹ bá ní oṣù 1, oṣù 1 náà ni. Ẹni tó bá fìbínú jáde lójijì ni wọ́n máa ń ní kó sanwó dípò ìfitónilétí yẹn. Tẹ ẹ̀dà 2, kí wọ́n fọwọ́ sí tìrẹ. Ohun tó o bá dá padà, kọ̀ǹpútà, káàdì ìdánimọ̀, kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ tí wọ́n gbà yẹn, ṣé ẹ̀dà ni àbí ojúlówó? Bó bá jẹ́ ojúlówó, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Fi ìmeèlì béèrè rẹ̀ lónìí, kí ọjọ́ tó o béèrè lè wà lákọsílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ